Ẹ má tíì ra ẹ̀rọ ìránṣọ

Ìbéèrè: "Ẹgbẹ́ obìnrin ìlú wa tó wà ní Kubwa, l'Ábújá, ti kó ₦2,400,000 jọ. A fẹ́ fi ran ọgbọ̀n obìnrin lọ́wọ́ ní abúlé kan lọ́nà Bwari. Ìdajì wọn jẹ́ Gbagyi, ìdajì tó kù jẹ́ àwọn tí ogun lé wá láti Borno. Àwọn kan nínú wa ní ká ra ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìlọta, ká pín in. Àwọn kan ní ká yá wọn lówó, kí wọ́n máa dá a padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ká gbé dókítà lọ fún ọjọ́ kan, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wò, ká sì pín oògùn. Èwo ni ká mú? Alága ẹgbẹ́, Kubwa."

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Alága, ẹ bá mi kí gbogbo ẹgbẹ́. Mo mọ ohun tó máa ń ná ènìyàn kí ẹgbẹ́ ìlú tó lè kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ ní Ábújá yìí, níbi tí owó ilé, owó ọkọ̀ àti owó iléèwé ọmọ ti ń lé ara wọn kiri.

Bí ẹ bá fẹ́ ìdáhùn kúkúrú, kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí màá ní kí ẹ mú bó ṣe wà. Àbá ẹ̀rọ àti àbá owó yíyá ń wo òwò, wọn ò wo ara tó ń ṣe òwò. Àbá nọ́ọ̀sì yín ń wo ara, àmọ́ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn àjọ aláàánú ṣètò irú ìrànlọ́wọ́ yìí, ní Ábújá, ní ìpínlẹ̀ Niger àti Nasarawa, nígbà mìíràn títí dé Katsina. Ẹ bi obìnrin tí òwò rẹ̀ ti kú ní agbègbè wọ̀nyí pé kí ló pa á. Ìwọ̀nba ni yóò sọ pé ọjà ò tà. Èyí tí ẹ óò gbọ́ jù ni pé ọmọ ṣàìsàn, tàbí pé òun fẹ́ bímọ, wọ́n ní àfi iṣẹ́ abẹ, tàbí pé ọ̀kadà gbá ọkọ òun. Owó ẹ̀wà tó fẹ́ fi dín kòsé ló di owó abẹ́rẹ́, ẹni tó ń tajà lánàá sì di ẹni tó ń tọrọ. Ẹni tó bá fún un lówó òwò tí kò bá a múra de ọjọ́ àìsàn, ọjọ́ àìsàn yẹn gan-an ló fún lówó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀. Gbogbo wa la mọ ètò ìrónilágbára tí àwọn olóṣèlú máa ń ṣe: ẹ̀rọ ìránṣọ tò lọ bẹẹrẹ ní pápá, wọ́n kọ orúkọ ọlọ́lá sí i lára gàdàgbà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n tú ká. Kò ní pẹ́ tí ẹ óò fi rí lára ẹ̀rọ wọ̀nyẹn lọ́jà, tí wọ́n ń tà á ní ìdajì iye. Mi ò bá àwọn tó tà á wí. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ránṣọránṣọ kò lè fi ẹ̀rọ jẹun, iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, mélòó lára irú rẹ̀ ni abúlé kan lè bọ́? Ẹ̀rọ ìlọta ní tiẹ̀ ń fẹ́ epo àti ẹni tí yóò máa tún un ṣe, ọ̀kan péré sì tó gbogbo abúlé. Bí ẹ bá pín márùn-ún, ẹ ti dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ bèèrè. Ẹ yẹ ẹ̀yìn náírà ogún wò: Ladi Kwali tó wà níbẹ̀, obìnrin Gbagyi láti Kwali ni, ìkòkò mímọ ló gbé e débẹ̀. Títí dòní, àwọn obìnrin ṣì ń mọ ìkòkò ní Ushafa, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ ń sọ. Òmíràn ń fọ èmí di òrí, òmíràn ń ta igi ìdáná, òmíràn ń gbin iṣu. Àwọn tó ti Borno wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ fìlà hun, irú èyí tí àwọn alhájì ń dé, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣiṣẹ́ ọnà sí lára fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Òwú àti oníbàárà tó ń san owó gidi ni irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ń wá. Kí ló fẹ́ fi ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe?

Mi ò sọ pé fífún ènìyàn ní ohun ìní kì í ṣiṣẹ́ rárá. BRAC, àjọ aláàánú tí Fazle Hasan Abed dá sílẹ̀ ní Bangladesh ní 1972, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2002 fún àwọn obìnrin tó tòṣì jù lọ. Wọ́n dán irú rẹ̀ wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Ghana àti Ethiopia wà lára wọn, láàárín ìdílé tó lé ní 10,000, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2015. Ó ṣiṣẹ́. Ọdún kan lẹ́yìn tí ètò ti parí, àwọn tó jàǹfààní rẹ̀ ṣì ń jẹun dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fún wọn. Lóòótọ́, wọ́n fún wọn lẹ́ran ọ̀sìn. Wọ́n tún fún wọn lówó oúnjẹ fún oṣù mélòó kan kí ebi má baà mú kí wọ́n ta ẹran náà, wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n ń bá wọn tọ́jú owó, wọ́n ń lọ bẹ̀ wọ́n wò déédéé, wọ́n sì ń mójú tó ìlera wọn. Nígbà tí èsì yẹn dé Nàìjíríà, ẹran nìkan làwọn kan rí nínú rẹ̀.

Ti owó yíyá ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ gbómúlélántà, ẹ mọ ojú tí obìnrin ń fi sùn nígbà tó bá ku ọ̀la kí wọ́n wá gba owó ọ̀sẹ̀. Muhammad Yunus àti báńkì Grameen gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2006 nítorí irú owó kékeré bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé sì rò pé oògùn ìṣẹ́ ti dé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé wá fi ẹ̀rí wò ó ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, láti India dé Morocco títí dé Mexico, tí wọ́n sì kó èsì jáde pọ̀ ní 2015, ohun tí wọ́n rí kò tó ariwo tí wọ́n pa. Òwò àwọn kan gbòòrò díẹ̀, àmọ́ owó tó ń wọlé fún ìdílé kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìṣòro mìíràn tún wà tí ìwé ò kọ. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ yín bá di ayánilówó, ẹ kì í ṣe ìyá àti ẹ̀gbọ́n àwọn obìnrin yẹn mọ́. Bí wọ́n bá rí ọkọ̀ yín lókèèrè, wọ́n á sá.

Àwọn fúnra wọn ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yá ara wọn lówó. A mọ àjọ, a mọ èsúsú. Àwọn Haúsá ní adashi. Ṣùgbọ́n àìsàn kì í dúró de ìgbà tí àjọ máa kàn ọ́, ibẹ̀ sì ni ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Maradi, ní orílẹ̀-èdè Niger, lódìkejì ààlà Katsina, ti wúlò. Ní 1991 ni àjọ CARE bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin ibẹ̀, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Mata Masu Dubara, ó sì ti tàn káàkiri Áfíríkà láti ìgbà náà. Bó ṣe ń lọ rèé. Obìnrin bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n á kóra jọ. Wọ́n á ra àpótí onírin tó ní ihò àgádágodo mẹ́ta, ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹni tí àpótí wà nílé rẹ̀ kì í sì í ní kọ́kọ́rọ́ kankan lọ́wọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kálukú á ra ìpín, ìyẹn iye owó tí wọ́n ti jọ fẹnu kò sí, ó kéré tán ọ̀kan, kò ju márùn-ún lọ, wọ́n á ka owó lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó á dìde sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, á sì dá a padà pẹ̀lú èlé díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan, wọ́n á pín gbogbo rẹ̀, tòun tèrè, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ èlé ń fẹ́ ọgbọ́n o. Ọ̀pọ̀ lára àwọn obìnrin yìí jẹ́ Mùsùlùmí, wọn ò ní fẹ́ ẹ. Kí ẹ má fi dandan mú wọn. Kí wọ́n yá ara wọn láìsí èlé, kí ìpín ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ sì máa mú àpótí tóbi.

Inú àpótí kan náà ni àpò kékeré kejì máa ń wà, ọ̀tọ̀ sí owó ìpín. Kálukú ń sọ náírà mélòó kan sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ọmọ bá ń gbóná lóru, bí ẹnìkan bá ń rọbí, bí òkú bá kú, àpò yìí ni wọ́n ń tú. Ìwọ̀nba owó ni. Síbẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀wà kòsé wà nínú àpò tirẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ìjọba náà ti ń tẹ̀ lé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀: ètò Nigeria for Women tí Báńkì Àgbáyé fi mílíọ̀nù 100 dọ́là bẹ̀rẹ̀ ní 2018 ń kó àwọn obìnrin jọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké ní Abia, Akwa Ibom, Kebbi, Niger, Ogun àti Taraba, ní 2023 wọ́n sì fọwọ́ sí mílíọ̀nù 500 dọ́là mìíràn láti mú un gbòòrò. Bí ẹ bá ní mọ̀lẹ́bí nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ogun, ẹ pè é lórí fóònù, kí ó sọ fún yín bí ìjókòó wọn ṣe rí.

Ó wá kan ara. Nínú ìṣirò tí Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2025, nǹkan bí 75,000 obìnrin ló kú ní Nàìjíríà ní 2023 nítorí oyún tàbí ìbímọ. Nínú mẹ́rin tó bá kú láyé, ó lé ní ọ̀kan tó jẹ́ tiwa. Àwọn onímọ̀ máa ń pín ohun tó ń pa wọ́n sí ìdádúró mẹ́ta. Àwọn ará ilé kò tètè pinnu pé ó tó gbé lọ. Kò sí ọkọ̀. Wọ́n débẹ̀ tán, kò sí ẹ̀jẹ̀, tàbí kò sí iná, tàbí dókítà kò sí nílé. Ẹgbẹ́ yín kò lè kọ́ ọsibítù. Ṣùgbọ́n ìdádúró kejì wà ní ìkáwọ́ yín. Ní Gombe, Adamawa àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn lókè ọ̀hún, àwọn aláàánú bá ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW ṣe àdéhùn: awakọ̀ tó bá gbé aláboyún lọ sílé ìwòsàn lóru á gba owó epo nìkan, ìgbà tó bá padà sí gáréèjì, wọ́n á jẹ́ kó kọ́kọ́ kó èrò ṣáájú àwọn tó ti ń tò. Mo fẹ́ràn èyí gan-an. Ẹni tó bá ti dúró ní gáréèjì rí láti aago mẹ́fà àárọ̀ mọ ohun tí ipò àkọ́kọ́ jẹ́ fún awakọ̀. Ẹ lọ bá alága gáréèjì Bwari. Nọ́ńbà awakọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n lè pè lóru, tí wọ́n kọ sára ògiri ilé baálẹ̀, wúlò ju ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́wàá lọ.

Ìdádúró kẹta, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yín ni. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ abúlé náà, kí ó bi àwọn agbẹ̀bí ibẹ̀ ní ohun tí kò sí. Ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́yìn ìbímọ ló máa ń pa obìnrin jù, ojú lásán sì ni ọ̀pọ̀ fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ tó dà. Ìwádìí E-MOTIVE tó jáde ní 2023, tí wọ́n ṣe ní ọsibítù 80 ní Kenya, Nàìjíríà, South Africa àti Tanzania, fi hàn pé bí wọ́n bá tẹ́ ọ̀rá tó ní ìlà ìwọ̀n sábẹ́ obìnrin, kí wọ́n lè tètè mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù, tí wọ́n sì ṣe gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà dípò kí wọ́n máa dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ dídà tó le koko àti jàmbá tó ń tẹ̀ lé e dín kù ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rá lásán ni o! Oxytocin, abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ yẹn dúró, gbọ́dọ̀ wà nínú fìríìjì, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 ní Celsius. Bí sólà ilé ìwòsàn bá ti bàjẹ́, omi lásán ni wọ́n lè máa gún. Títún sólà ṣe kì í ya fọ́tò dáadáa, mo mọ̀.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì yín bá débẹ̀, kí ó tún fọgbọ́n bèèrè ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ ní gbangba: ǹjẹ́ obìnrin kan wà tí ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀? Yoyon fitsari làwọn Haúsá ń pè é, VVF làwọn dókítà ń pè é. Bí ìrọbí bá pẹ́ jù, tí ọmọ há, orí ọmọ á fún àpò ìtọ̀ mọ́ egungun ìbàdí, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibẹ̀ mọ́, ẹran ibẹ̀ á kú, ihò á sì ṣẹ́ kù. Lọ́pọ̀ ìgbà òkú ni ọmọ náà ń jẹ́. Obìnrin náà kò ní lè jókòó sí ìsọ̀ mọ́ nítorí òórùn, ẹnikẹ́ni kò ní ra oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ míì á sì kọ̀ ọ́. Ẹ lè kó owó òwò tó bá wù yín fún irú obìnrin yẹn, kò ní jẹ́ nǹkan kan títí wọ́n á fi dí ihò náà.

Wọ́n sì lè dí i. Kees Waaldijk, dókítà ará Netherlands, lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Babbar Ruga ní Katsina, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ dókítà ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ náà. Ọ̀kan lára ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn ni pé bí wọ́n bá tètè fi rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ jáde sí àpò ìtọ̀ obìnrin tí ìtọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tí wọ́n fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ihò tó kéré lè pa dé fúnra rẹ̀ láìsí iṣẹ́ abẹ. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ní kí obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ sinmi nílé. Fún èyí tó ti pẹ́, ẹ̀ka ìtọ́jú wà ní Katsina, ní Kano nínú ọsibítù Murtala Muhammad, ní Sokoto, ní Ningi ní Bauchi, àti ní Jos. Jos ló sún mọ́ yín jù nínú wọn. Owó ọkọ̀, owó oúnjẹ àti ẹni tí yóò bá a lọ ló máa ń dá obìnrin dúró. Èyí ni ẹgbẹ́ ìlú lè gbé. Bí ó bá padà dé, kò gbọdọ̀ ru ẹrù wúwo fún oṣù mélòó kan, nítorí náà bí igi ìdáná ló ń rù léjìká tẹ́lẹ̀, ẹ bá a wá òwò ìjókòó. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ gbangba pé bí ó bá tún lóyún, ọsibítù ni kí ó ti bímọ, pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ.

Ti dókítà ọjọ́ kan, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe àìsàn oògùn ọjọ́ márùn-ún. Bí ẹ bá sọ fún obìnrin pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, tí kò sì mọ ibi tí yóò ti rí oògùn oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀rù nìkan lẹ dá bà á. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ènìyàn lọ, ẹ jẹ́ kó jẹ́ àwọn tó ń fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Láti oṣù Kẹwàá 2023 ló ti wọ Nàìjíríà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún un, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ohun méjì ṣì wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́. Àwọn kan nínú àwọn obìnrin yìí lè wà nínú ẹ̀hà. Wọ́n ń ṣòwò nínú ilé, ọmọ wọn obìnrin ló ń gbé igbá kiri. Bí owó yín bá mú kí igbá pọ̀ sí i, iléèwé ọmọ yẹn lẹ fi san án. Ẹ bèèrè ẹni tí yóò gbé ọjà náà kiri kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Èkejì ni ọkọ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní India, Sri Lanka àti Ghana rí i pé owó tí wọ́n fún obìnrin sábà máa ń bọ́ sínú òwò ọkọ bí ọkọ bá ní òwò tirẹ̀. Ní Uganda, àwọn tí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí lórí fóònù, sínú àpò tiwọn, jèrè ju àwọn tó gbà á lọ́wọ́ lọ. Kì í ṣe pé kí ẹ máa bá àwọn ọkọ jà. Ẹ pè wọ́n jókòó lọ́jọ́ kìíní, kí wọ́n gbọ́ pé àpò ìlera yìí yóò gba ẹrù lórí àwọn náà. Àmọ́ kí owó wọ àpò obìnrin ní tààrà.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni, adójútòfò ìlera Ábújá, FHIS, ni màá kọ́kọ́ lọ. Ẹ bèèrè nínú ọgbọ̀n obìnrin yẹn, mélòó ló lè wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ owó ìtọ́jú ìpìlẹ̀ tí òfin ìlera 2014 dá sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Àwọn tó bá kù, ẹ san ti ọdún kan fún wọn. Ẹ bèèrè NIN wọn ṣáájú, nítorí àwọn tó sá kúrò ní Borno lè má ní in, ìyẹn nìkan lè gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ méjì, kí àwọn fúnra wọn yan ẹni tí wọ́n fẹ́ bá jókòó. Ẹ ra àpótí méjì àti ìwé ìṣirò. Kí wọ́n dá owó fún oṣù mẹ́rin kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan kún un. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ₦30,000 fún òwò tó ti ń ṣe. Ìyẹn jẹ́ ₦900,000. Ẹ ya ₦300,000 sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ òru, Jos, àti ohun tí nọ́ọ̀sì yín bá rí pé kò sí ní ilé ìwòsàn. Ìyókù, ẹ jẹ́ kó wà ní báńkì títí di ìgbà òjò, nígbà tí ibà máa ń pọ̀ tí oúnjẹ sì máa ń wọ́n.

Kí ẹ tó lọ, ẹ wá obìnrin kan tó gbọ́ Gbagyi àti òmíràn tó gbọ́ Kanuri. Haúsá nìkan kò tó, pàápàá fún ọ̀rọ̀ ìtọ̀. Bí FHIS bá ti bu iye fún yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ká jọ ṣírò èyí tó kù.